Bí Ọdẹ́níran Ṣe Wá Alángbá Ọ̀sán Lọ Sórí Òkìtì Iyanrìn

Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó. Ẹni tó bá sì gbé iyèméjì dání wá, kó lọ fi í ti ẹ̀gbẹ́ ògiri lóde, kò sẹ́ni tí yóò jí i gbé. Ìtàn yìí kò fẹ́ kéèyàn máa dìde láàrin. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni, kó wí i sókè kí gbogbo wa gbọ́. Àgbà ọdẹ tó ń pa á kò tíì di arúgbó ẹnu.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́níran. Ọdẹ paraku ni. Ó ti pa ẹfọ̀n rí, kì í sì í ṣe ẹfọ̀n tó ń ṣàìsàn. Láti ọdún tó ti pa á ni ìrù ẹfọ̀n náà kò ti kúrò ní ìgbànú rẹ̀. Bó bá ń lọ sódò, ìrù ẹfọ̀n ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń kí àna rẹ̀, ìrù ẹfọ̀n ń bá a dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ òfin àwa ọdẹ: ìrù ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá pa ẹran ńlá sí igbó ìjìnnà kì í dá gbé e wálé. Á gé ìrù rẹ̀, á fi han àwọn ará ilé, wọn á wá tẹ̀lé e lọ kó ẹran. Ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹran, kódà bí ẹlòmíràn bá jókòó lé òkú ẹran náà lórí. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn o, nítorí díẹ̀ ló kù kó sọ Ọdẹ́níran di opó ọkùnrin.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Àwẹ̀ró kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tóbi ju ilé tó ń gbé lọ. Bí Ọdẹ́níran bá ti ń sọ ti ẹfọ̀n fún àlejò, Àwẹ̀ró á ti inú yàrá dáhùn pé, "Ẹ tún sọ ibi tí ẹ ti gun igi fún wọn o, Bàbá Ìbíwùmí! Ẹ má fo ibẹ̀." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Ọdẹ́níran náà á sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn náà dáadáa tó ìyàwó òun.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, òtútù kan mú Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ibà. Ibà á tutù, á sì gbóná. Èyí kò mọ gbígbóná rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó gun orúnkún, ó dé ìbàdí. Bí wọ́n bá bu ògì gbígbóná fún un, á ti dì sínú igbá kó tó gbé e dé ẹnu. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ajá ń yọ ahọ́n, Àwẹ̀ró ń da kíjìpá mẹ́ta bora, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn. Ọdẹ́níran dáná yí i ká, ó se ewé, ó se egbò, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀ títí eyín tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Òtútù kò lọ.

Ọjọ́ kan ni bàbá kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó káún láti òkè wá, yà sílé wọn láti mu omi. Àwẹ̀ró gbé igbá fún un, ìka wọn kanra. Bàbá oníkáún ju igbá sílẹ̀.

"Ìyá yìí! Ṣé inú àmù lẹ sùn ni?"

Ọdẹ́níran ṣàlàyé fún un. Bàbá náà ní, "Níbi tí mo ti ń kó káún bọ̀, òkìtì iyanrìn wà níbẹ̀ tó ga ju ilé alájà lọ. Alángbá kan ń gbé ibẹ̀, Alángbá Ọ̀sán ni wọ́n ń pè é. Bí àwa ṣe ń mu omi ló ṣe ń mu oòrùn. Bó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gun àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí irú òtútù yìí mú, òtútù náà á fi olúwarẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kú, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò lórí iyanrìn rẹ̀, torí oòrùn inú rẹ̀ á kú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá a. Níbo ni òtútù náà dé?"

"Ó dé ìbàdí."

"Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé àyà. Bó bá dé àyà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Ọdẹ́níran dìde, ó gbọn ìrù ẹfọ̀n rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Alángbá lásán-làsàn! Èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú!"

Àwẹ̀ró ń di ẹrù rẹ̀ nìṣó. Ó ní, "Ẹfọ̀n kì í rì sínú iyanrìn, Bàbá Ìbíwùmí. Ẹ wá bá mi so kíjìpá yìí."

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. N kò ní í fi oríta àti òkè tí wọ́n gùn yọ yín lẹ́nu. Ẹsẹ̀ tiwọn ló rìn ín, kì í ṣe etí tiyín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni igbó tí à ń pè ní Má-simi-lábẹ́-mi. Igi inú igbó náà kì í dúró. Bí èèyàn bá ti jókòó sábẹ́ ọ̀kan, igi náà á hú gbòǹgbò rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń ká ìró, á gbé ìbòòji rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, oòrùn á sì máa pa ẹni tó jókòó bí ewé tí wọ́n sá. Ọdẹ́níran lé igi mẹ́rin, kò bá ọ̀kan. Ó ń bú wọn ní ìran-ìran.

Ni iwin tó ni igbó bá yọ sí wọn. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí olú tó hù lórí ọ̀gán, tó fi jẹ́ pé abẹ́ orí ara rẹ̀ ló ń gbé.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń lé igi mi," ni ó wí, "ẹ dáhùn kí ẹ kọjá, ẹ má dáhùn kí ẹ di kùkùté. Kí ló ń bá ọ lọ sóko, tó ń bá ọ bọ̀ wálé, tí kò jẹ nínú iṣu rẹ rí?"

Ọdẹ́níran ti fò dìde. "Ajá mi ni!"

"Ajá yín wo?" Àwẹ̀ró ti fi ọwọ́ tútù bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. "Ajá tó jẹ odindi iṣu lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ní kí n má bá a wí? Iwin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ti bàbá yìí sí, ebi ló ń pa á. Òjìji mi ni. Ó ń bá mi lọ sóko, ó ń bá mi bọ̀, kò tọ́ iṣu mi wò rí."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí etí orí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ìyá, òtútù ló mú yín, kò mú ọgbọ́n yín. Ẹ kọjá. Màá fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ẹrù ọ̀nà fún yín: níbi tí ẹ ń lọ, oòrùn kọ́ ni ọba. Ìbòòji ni ọba."

Ọdẹ́níran kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyàwó òun ló dáhùn. Wọ́n rìn jìnnà kó tó sọ pé, "Ṣé o rí i, èmi náà fẹ́ sọ òjìji tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ajá ló kọ́kọ́ sáré wọlé sí yín lẹ́nu."

Nígbà tí wọ́n dé ìlú tó wà lábẹ́ òkìtì iyanrìn, òtútù ti kọjá ìbàdí Àwẹ̀ró, ó ti dé egungun ìhà. Ìlú Ẹsẹ̀-Kan-Lókè ni orúkọ ibẹ̀. Kò sí ará ìlú náà tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ilẹ̀ wọn gbóná bí agbada. Wọ́n á gbé ọ̀kan, wọ́n á sọ ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e. Bí wọ́n ti ń jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e, ìjà wọn sì dà bí ijó. Obìnrin kúkúrú kan ni olórí wọn, Ìyá Ọlọ́kìtì, ẹni tí awọ ara rẹ̀ ní àmì tótòtó bí ti alángbá. Òun ló ń tọ́jú gbogbo alángbá orí iyanrìn. Bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, á máa mi orí sókè sódò, sókè sódò.

Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ kí i, ikùn rẹ̀ jó, ó yára dìde. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́kìtì ń mi orí. Ọdẹ́níran yíjú sí ìyàwó rẹ̀: "Ó ti gbà."

"Ó ń mi orí ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Kò tíì fọhùn. Ẹ ní sùúrù kó fọhùn."

Ṣùgbọ́n sùúrù ha ń gbé lára ọkùnrin tó rí i pé òtútù ń gun ìyàwó òun bí ìtàkùn ṣe ń gun igi? Lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iyanrìn tó gbóná, Ọdẹ́níran ti wà lórí òkìtì. Ó ní ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, ojóbó irun ẹṣin sì wà lórí ọ̀pá náà, tínńrín bí òwú aláǹtakùn. Ó ń ka ojú iyanrìn bí ẹni ka ìwé: ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lósì, ìlà ìrù láàrin. Ibi tí ìlà náà parí sí ni alángbá wà, tó yọ orí síta láti yá oòrùn. Ọdẹ́níran na ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ojóbó bọ́ sí i lọ́rùn, fàà! Kó tó fọwọ́ kàn án, alángbá ti bọ́ nínú ojóbó. Ó fi ọwọ́ gbá a mú ní ìrù. Ìrù já sí i lọ́wọ́, alángbá rì sínú iyanrìn bí òkúta tó bọ́ sódò.

Ọdẹ́níran wo ìrù tó ń ta pọ́npọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ọdẹ ni, ẹ má gbàgbé. Ìrù ti dọ́wọ́ òun, ẹran ti di ti òun! Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì àti ìkẹta. Ó fi ewé di ìrù mẹ́ta, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ ẹsẹ̀ kan títí ó fi dé iwájú Ìyá Ọlọ́kìtì, ó sì tẹ́ wọn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀rí rèé. Ẹran mẹ́ta ti di tèmi. Ẹ bá mi kó wọn jáde kí n yan èyí tí mo fẹ́."

Ìyá Ọlọ́kìtì ń mi orí, ó ń mi orí, ó sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ìlú dá ẹsẹ̀ dúró lókè.

"Ta ló bí ọ?" ni ó bi í.

"Ọdẹ ni."

"Ọdẹ ẹfọ̀n! Ìrù ẹfọ̀n, ìlépa eṣinṣin ni. Ìrù alángbá, àká ni. Ọ̀rá tí yóò jẹ nígbà tí kòkòrò bá wọ́n lórí iyanrìn, inú ìrù ló kó o sí. O fọ́ àká onílé mẹ́ta láàárọ̀ kan, o wá kó ilẹ̀kùn àká wá hàn mí pé kí n pe àwọn onílé jáde fún ọ?"

Ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jákèjádò òkìtì náà, gbogbo alángbá rì. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó pa gbogbo ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ́. Iyanrìn wá dán bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí.

"Wọn kò ní í yọjú mọ́," ni Ìyá Ọlọ́kìtì wí, "àfi bí ìwọ náà bá fi ìrù tìrẹ sílẹ̀."

"Ìyá, èèyàn ni mí. N kò ní ìrù."

"Kí wá ni ìyẹn tó ń fì lẹ́yìn rẹ?"

Ọdẹ́níran fọwọ́ kan ìrù ẹfọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó gé e. Gbogbo ọkùnrin tó mọ ọjọ́ náà ti kú tán. Ìrù yìí nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé ó ṣẹlẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró tó jókòó lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, pé kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè fúyẹ́. Àwẹ̀ró la ẹnu, ètè rẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Òtútù ti dé abẹ́ ọmú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àwẹ̀ró tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀! Ẹ̀rù tí ẹfọ̀n kò dá ba Ọdẹ́níran bà á níjọ́ náà. Ó tú ìrù náà, ó gun òkìtì lọ, ó wa ihò, ó sin ìrù ẹfọ̀n pọ̀ mọ́ ìrù alángbá mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀yin onílé, mo jí àká yín, tèmi rèé. Ẹ má bínú." Kò yin ara rẹ̀, kò ki ara rẹ̀.

Lábẹ́ igi tó wà ni Àwẹ̀ró ti tiraka sọ pé, "Kí lẹ óò wá... máa fi halẹ̀ mọ́ àdúgbò?"

"Ìwọ ni," ni Ọdẹ́níran wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ni màá máa fi halẹ̀. Sáà máa sọ̀rọ̀."

Alángbá kan yọ orí. Òmíràn yọ. Ọ̀kan wà lókè téńté, tó pọ́n bí epo tuntun, ọ̀fun rẹ̀ ń mì, iná sì ń kọ mànà lábẹ́ awọ rẹ̀. Alángbá Ọ̀sán nìyẹn! Ọdẹ́níran kò mú ọ̀pá mọ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀lé e láti òkìtì dé òkìtì kó lè darí rẹ̀ síhà ibi tí Àwẹ̀ró wà. Ṣùgbọ́n oòrùn ti dé àtàrí. Oòrùn ibẹ̀ kì í ràn, ó ń jó ni. Ẹyin tí ẹyẹ bá yé síbẹ̀, ó ti jinná kó tó balẹ̀. Ọdẹ́níran gbé ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò rí èkejì sọ mọ́. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú gbalaja.

Àwẹ̀ró rí i. Àwọn ará ìlú ń pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tẹ òkìtì náà lọ́sàn-án gangan. Àwẹ̀ró dìde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ iyanrìn, kò gbé ọ̀kan, iyanrìn náà kò jó o; ẹsẹ̀ tó ti di omi kì í bẹ̀rù iná. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó dúró tì í, ó na kíjìpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè pẹ̀lú apá rẹ̀ méjèèjì, òjìji rẹ̀ bo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbòòji tó jáde lára Àwẹ̀ró kì í ṣe ìbòòji lásán. Ó tutù bí abẹ́ àmù.

Ọ̀sán gangan kò rọrùn fún alángbá pàápàá. Wọ́n gbóòórùn ibi tó tutù. Wọ́n ń ti gbogbo òkìtì sáré bọ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń sọ ẹsẹ̀, wọ́n ń wọ abẹ́ kíjìpá. Wọ́n kún ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́níran, wọ́n kún ikùn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí kò nírù jókòó sí i lórí irùngbọ̀n. Èyí tó dé kẹ́yìn ni Alángbá Ọ̀sán, ẹni tó mu oòrùn títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ó gun orúnkún ọdẹ, ó gun àyà rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró rọra fi ọwọ́ òsì nìkan gbé aṣọ ró, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọdẹ́níran lajú. Ẹran tó ń wá rèé, kò jìnnà tó ìka mẹ́ta sí imú rẹ̀! Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ọdẹ ṣe máa ń gbéra, ó ń lọ síbi ìrù. Ó rí i pé ọwọ́ òun ń lọ. Ó pè é padà. Ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí kó má baà tún sá jáde. Mo ní kí n sọ fún yín: ọwọ́ tí Ọdẹ́níran dùbúlẹ̀ lé yẹn ni ó le jù nínú gbogbo ẹran tó ṣẹ́gun rí, ẹfọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀.

Alángbá Ọ̀sán gun àtẹ́lẹwọ́ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kò pa ìka dé. Alángbá náà na ikùn rẹ̀ sílẹ̀, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀ bí arìnrìn-àjò tó bá omi kànga. Iná abẹ́ awọ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ojú Àwẹ̀ró ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni alángbá la ojú, ó mi orí sókè sódò lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó rì sínú ilé rẹ̀.

Àfi bí Àwẹ̀ró ṣe figbe ta:

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Ta ló dáná sábẹ́ ẹsẹ̀ mi? Bàbá Ìbíwùmí, ẹ dìde, ooru ń pa mí! Kíjìpá mẹ́ta! Ta ló da kíjìpá mẹ́ta bò mí nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ọdẹ́níran kò mọ ìgbà tó fò dìde. Ó pọn ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn níbi tí ìrù ẹfọ̀n ti máa ń fì, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àwẹ̀ró sì ń bú u lórí ẹ̀yìn pé kó rọra, pé ṣé ẹrù igi ló rù ni. Gbogbo Ìlú Ẹsẹ̀-Kan-Lókè pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọlọ́kìtì mi orí, lọ́tẹ̀ yìí ó fọhùn pẹ̀lú: "Ẹ máa lọ. Ilé á gbà yín."

Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀lú, àwọn ọdẹ ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ojú gbogbo wọn ló lọ sí ìgbànú Ọdẹ́níran. Kò sí ìrù ẹfọ̀n. Wọ́n wo àpò rẹ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀. Olórí ọdẹ fi ọwọ́ gbá ẹnu rẹ̀. "Ọdẹ́níran! O lọ ṣọdẹ alángbá, o sọ ti ẹfọ̀n nù. Ẹ̀rí dà? Ìrù dà?"

Àwẹ̀ró ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ gèlè, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ kíkankíkan, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ooru ìlú yìí ti pọ̀ jù. Òógùn wẹ́wẹ́ ń yọ lórí imú rẹ̀, wọ́n ń tàn nínú oòrùn.

Ọdẹ́níran nawọ́ sí i.

"Ẹ wo imú rẹ̀," ni ó wí. "Òógùn yẹn ni ìrù tí mo gé bọ̀."

"Ẹ kúkú sọ ibi tí ẹ ti dákú fún wọn," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ má fo ibẹ̀."

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Ẹni tó fi iyèméjì ti ẹ̀gbẹ́ ògiri lè lọ gbé e wàyí, bó bá ṣì bá a níbẹ̀.